Mò Ń Ṣe Ẹsẹ̀ fún Ọkọ̀ Ojú Irin Kékeré

Kò sí ojú irin ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo fẹ́ kí èyí kọ́kọ́ yé èèyàn, torí àwọn tó bá gbọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe nílùú òyìnbó máa ń rò pé ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè ni mí. Rárá o. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni bàbá mi, kí Ọlọ́run bá wa kẹ́ ẹ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, lọ́nà ọjà Òkè-Àjé, ibẹ̀ làwọn Alhaja oníṣòwò ti máa ń wá gba yẹtí àti ẹ̀gbà ọwọ́. Èmi ni àkọ́bí rẹ̀, obìnrin sì ni mí, àmọ́ kò ka ìyẹn sí. Ó jókòó tì mí, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi iná kékeré jó wúrà pọ̀ tí ojú ibi tí wọ́n ti jó o kò fi ní hàn. Òfin rẹ̀ kan wà tí kò gba àwáwí: ohunkóhun tó bá ń mì kò gbọ́dọ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù náà. Bí òkúta orí òrùka bá mì bín-ín-tín, á ní kí n padà wá jókòó.

Mo kúrò nílé nígbà tí Fàrídà, ọmọ mi kan ṣoṣo, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ jẹ́lé-ó-sinmi. Bàbá rẹ̀ ti ṣaláìsí kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Ọwọ́ ìyá mi ni mo fi í sí, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe ládùúgbò wa: kí ìyá àgbà máa tọ́ ọmọ, kí ìyá ọmọ lọ wá nǹkan tí wọ́n á jẹ. Kò sẹ́ni tó bú mi. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi bó ṣe máa ń rí lára.

Òtútù tí gbogbo ayé ń pariwo kọ́ ló kọ́kọ́ bá mi jà níbẹ̀. Àìkíra-ẹni ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo máa kọ́kọ́ dá jáde, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo sì kí gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ pé ẹ káàárọ̀, lédè tiwọn. Obìnrin kan fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ọkùnrin kan wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Mo jókòó, ojú ń tì mí bí ẹni tó jalè. Nílé wa, tí mo bá kọjá láìkí ìyá tó ń dín àkàrà lójúde, màámi á ti gbọ́ kí n tó dé ìkóríta. Níbí, ọjọ́ á gorí ọjọ́ kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ mi, tí wọ́n bá sì pè é náà, wọn á ti kán an lẹ́sẹ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo kọ́kọ́ ṣe, alẹ́ sì ni wọ́n fi mí sí. Mò ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń pààrọ̀ aṣọ wọn, mò ń bá àwọn tí oorun kò kùn sọ̀rọ̀. Mi ò kẹ́gàn iṣẹ́ náà. Àgbà ni wọ́n, wọ́n sì ti kọ́ mi láti kékeré bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àgbà. Àkókò rẹ̀ ló ń pa mí lára. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, Fàrídà ti lọ sílé ìwé. Tí òun náà bá ti ilé kéú dé, tó ń jẹun alẹ́, èmi ti wà lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́, wọn ò sì gbà wá láàyè láti mú fóònù wọlé. Ọjọ́ ìsinmi mi nìkan ló kù, ìyẹn náà kì í dúró lójú kan.

Báyìí la ṣe máa ń sọ̀rọ̀:

"Fàrídà, ṣé o ti jẹun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí lo jẹ?"

"Ìkọ́kọrẹ́, mà."

"Ṣé ó dùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Màmá ń pè mí."

Màmá ni ó ń pe ìyá mi. Mo sì máa ń gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́yìn, tó ń lọgun pé, "Èmi ò pè ọ́ o! Padà wá kí ìyá ẹ dáadáa!" Nígbà náà, bàtà ọmọ ti ń dún lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Fi í sílẹ̀," ìyá mi á wí tó bá gba fóònù. "Ọmọ tí kò rí ọ, kí lo fẹ́ kó máa bá ọ sọ?" Ìyá mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ òótọ́, kò sì kọ́ ọ títí di òní.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mi ò lè mú ọmọ náà wá, torí ìwé tí wọ́n fi gbà mí wọlé kò gba ọmọ mọ́ mi. Mi ò sì lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́, torí òun la fi ń jẹun níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Mo rí i kedere pé bó bá ń lọ báyìí, mo máa di orúkọ kan tó ń fi bàtà àti bisikíìtì ránṣẹ́. Fàrídà á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, á máa kúnlẹ̀ kí mi lórí fóònù, kò sì ní mọ̀ mí.

Bàbá kan wà nínú àwọn tí mò ń tọ́jú tó ń jẹ́ Tọ́mù. Èmi ni mo fi "Bàbá" kún un, torí Tọ́mù lásán ni gbogbo àwọn yòókù ń pè é, títí kan àwọn tí ọmọ ọmọ rẹ̀ jù lọ. Bàbá Tọ́mù ní orí ọkọ̀ ojú irin kan tí kò gùn ju ìka mi àárín lọ, irú àwọn tí wọ́n ń fi èédú àti omi gbígbóná wà láyé àtijọ́, àmọ́ tí iná mànàmáná ń gbé rìn ní kékeré yìí. Mo rò pé ti ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Ó ní tòun ni, láti ìgbà tóun ti wà lọ́dọ̀ọ́. Òkè rẹ̀ ṣì ń dán, dúdú minimini, pẹ̀lú ìlà pupa wẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó dojú rẹ̀ dé, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti sán, ó ti wú, ó sì ń fọ́ sí wa lọ́wọ́ bí ẹfun.

"Irin tí wọ́n lò nígbà yẹn kò mọ́," ó wí. "Ó ń jẹra látinú. Òkè kò ní nǹkan kan. Ẹsẹ̀ tuntun ló ń wá."

Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun gbé e lọ fún obìnrin kan tó ń ṣe irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìsinmi mi pé, mo fi áńkáṣíìfù wé e, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ.

Ẹ̀yìnkùlé ilé obìnrin náà ni ṣọ́ọ̀bù wà. Mo ṣílẹ̀kùn, òórùn irin gbígbóná sì kọlù mí. Mo dúró lójú ọ̀nà, mi ò lè wọlé. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú wọn, ohun gbogbo ló ń rùn bí ọṣẹ ìfọlẹ̀ tàbí bí òjò. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí imú mi mọ̀. Bàbá mi ni mo rí, tó tẹ̀ mọ́ orí tábìlì rẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì funfun.

Obìnrin náà ní Màgí lorúkọ òun. Ó dàgbà tó ìyá mi, ẹnu mi ò sì gbà á láti pè é bẹ́ẹ̀, ni mo bá sọ ọ́ di Ìyá Màgí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sẹ́ni tó pe òun ní ìyá rí, torí òun ò bímọ. Ojú tì mí. Ó ní kí n má ṣe yí i padà.

Ó fi iṣẹ́ náà hàn mí. Idẹ ni wọ́n ń lò, ó fẹ́lẹ́ bí páálí àpò ṣúgà. Áásìdì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, tí gbogbo ẹ̀yà ṣáásì, ìyẹn ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, á fi yọ lára rẹ̀ bí àwòrán, tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan á sì fi okùn idẹ tíńtín rọ̀ mọ́ ìyókù. Wọ́n á gé wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ṣẹ́ wọn níbi tó yẹ, wọ́n á fi òjé àti irin gbígbóná lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n á wá ki táyà bọ̀ ọ́. Èyí tó tóbi jù nínú táyà náà kò ju hóró àgbàdo lọ. Orí tábìlì rẹ̀ kún fún ọkọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀. Ó ní àwọn bàbá àgbàlagbà ló ń gbé wọn wá, tí wọ́n á gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn wá sí ọsibítù.

"Ọkọ mi ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀," ó wí. "Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Àwọn èèyàn yìí á dúró pẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo lè ṣe é."

"Ìwọ? Níbo lo ti kọ́ ọ?"

"Lọ́dọ̀ bàbá mi, ní Ìjẹ̀bú-Òde."

"Ṣé wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú irin ṣeré níbẹ̀ ni?"

"Rárá, mà. Wúrà ni wọ́n ń rọ."

Ó wo ọwọ́ mi títí. Ó wá fún mi ní páálí idẹ kan pẹ̀lú irin àti òjé, ó ní kí n lọ ṣe é wá. "Tó bá rìn, tìrẹ ni iṣẹ́ náà. Ọ̀sán la ń ṣe é níbí. A ti máa ń tilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó ṣú." Kò mọ ohun tó sọ sí mi létí. Mo lọ sínú bọ́ọ̀sì, mo gbé páálí idẹ yẹn mọ́ àyà, gbogbo ohun tí mò ń rò ni Fàrídà tó jókòó sídìí oúnjẹ alẹ́, tí fóònù ń dún.

Mo ṣe é bí ẹni tó ń ṣe ẹ̀gbà ìyàwó. Mo gé e láìṣìnà, mo ṣẹ́ ẹ láìwọ́. Mo lẹ̀ ẹ́ tí òjé kò fi hàn níbì kankan, mo fi sáńpépà dán an títí mo fi ń rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Nígbà tí mo ki táyà bọ̀ ọ́, mo rí i pé wọ́n ń mì díẹ̀. Ọ̀pá wẹ́wẹ́ tó so táyà mọ́ra náà ń mì. Inú bí mi sí ẹni tó ya àwòrán rẹ̀, mo ní àwọn òyìnbó yìí kò mọṣẹ́. Mo fún ihò gbogbo pa, mo jẹ́ kí òjé díẹ̀ wọ ibi tí ọ̀pá ti kan táyà. Nígbà tí mo parí, kò sí ohun kan lára rẹ̀ tó mì. Ká ní bàbá mi wà láyé ni, á gbé e jáde ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìgbéraga.

Ìyá Màgí yí i síwá sẹ́yìn lábẹ́ iná. Ó pe ọkọ rẹ̀ wá wò ó. Bàbá náà fi ìka tó ń gbọ̀n kan táyà, táyà kò yí. Wọ́n gbé e sójú irin, wọ́n tan iná sí i. Ó kàn ń kùn ni, kò kúrò lójú kan.

"Mi ò rí èyí tó rẹwà tó yìí rí," Ìyá Màgí wí. "Àmọ́ kò lè lọ síbì kankan." Ó gbé e kalẹ̀. "Máà bínú, ọmọ mi."

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ alẹ́. Kò sí ohun tí mi ò rò lójú ọ̀nà. Ohun tí bàbá mi fi kọ́ mi pé òun ni iṣẹ́ rere, òun gan-an ló pa iṣẹ́ náà. Ó dùn mí fún un ju bó ṣe dùn mí fún ara mi lọ, bí ẹni pé wọ́n bú u níṣojú mi.

Ṣùgbọ́n mi ò lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo tún ráyè, mo padà lọ, mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n tú u, mà." Ọkọ rẹ̀ ní kò ṣeé tú, pé kí n gba páálí mìíràn. Mo bẹ̀ wọ́n. Alágbẹ̀dẹ wúrà kì í sọ nǹkan nù, a mọ bí wọ́n ṣe ń fi iná pe òjé jáde láìba ohun tó kù jẹ́. Mo jókòó níbẹ̀ títí wọ́n fi jẹun ọ̀sán, tí wọ́n gbé tíì fún mi, tí tíì tutù. Bàbá náà fa àga tì mí. Tó bá rí i pé mo tún fẹ́ fún nǹkan kan pa, á ní, "Fún un láyè. Ojú irin kì í tẹ́jú délẹ̀. Bí kò bá lè mì, kò ní lè rìn." Nígbà tí ọ̀sán ti ń lọ, wọ́n tún gbé e sójú irin. Ó mì, ó mì, ó sì gbéra. Ó yí ká tábìlì náà jẹ́jẹ́. Mo bú sẹ́kún níwájú àwọn òyìnbó méjì, wọn ò sì mọ ibi tí wọ́n máa wò.

Bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ alẹ́ nìyẹn, nígbà tí ìwé mi yọ̀ǹda kí n ṣiṣẹ́ tó wù mí. Bàbá Tọ́mù ló kọ́kọ́ jèrè mi. Mo gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ fún un pẹ̀lú ẹsẹ̀ tuntun, a tẹ́ ojú irin kékeré sórí tábìlì tó fi ń jẹun, ó ń wò ó bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ó di apá mi mú. Kò pẹ́ tó fi kú. Wọ́n fi í pamọ́ sínú yìnyín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó sin ín. Èmi tí mo dàgbà níbi tí òkú àárọ̀ ti ń wọlẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, mi ò lè jẹun dáadáa títí wọ́n fi ṣe é tán. Àwọn ọmọ rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ lọ. Mi ò mọ ibi tí ọkọ̀ náà wọlẹ̀ sí.

Ìyá mi kò tètè gba iṣẹ́ mi gbọ́. "Àgbàlagbà lẹ̀ ń ṣe nǹkan ìṣeré fún? Àwọn òyìnbó yìí mà ráyè o!" Ṣùgbọ́n nígbà tó máa sọ ọ́ fún àwọn àbúrò rẹ̀ ní Odogbolu, ó ní rélùwéè ni mo wà. Mo ní kó lọ tún un ṣe. Ó ní ṣé kì í ṣe ọkọ̀ ojú irin ni mò ń ṣe ni, àbí òun parọ́.

Mo wá ní àyè láti pe Fàrídà ní ìrọ̀lẹ́. Ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ máa tán sí nìyẹn, àmọ́ kò tán. Bó ṣe jẹun, ohun tó jẹ, ilé ìwé, ilé kéú, bẹ́ẹ̀ ni mà, rárá mà, Màmá ń pè mí. Mo ti gba wákàtí náà tán, ọmọ kò sì sí nínú rẹ̀.

Nígbà kan, mo gbé ṣáásì kan wálé torí ẹni tó ni ín ń kánjú. Mo fi fóònù ti agolo mílíìkì, mo dojú rẹ̀ kọ ọwọ́ mi, torí awò ńlá tí mo fi ń ríran bò mí lójú. Mo ní, "Fàrídà, mò ń ṣiṣẹ́ o. Tó o bá fẹ́, máa wò mí. Tí o kò bá fẹ́, máa lọ." Mi ò tún bi í léèrè kankan. Ìbéèrè ti sú èmi náà. Ó dákẹ́. Mo rò pé ó ti lọ, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" ohùn kan wí.

"Èwo?"

"Èyí tó rí roboto, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka yín."

Mo sọ fún un. Ó tún bi mí ní òmíràn. Ìyá mi pè é lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó sì ní kó ṣe sùúrù. Láti ìgbà náà, tí mo bá tan fóònù, ọwọ́ mi ló ń béèrè. Tí mo bá gbé ojú mi síbẹ̀, á ní, "Ọwọ́ yín dà?" Ó mọ ẹ̀mú, ó mọ òjé. Ó tún ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá: "Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kó le jù o." Láàárín ìyẹn ló ti ń sọ gbogbo ohun tí mo ti ń fi ìbéèrè wá kiri: olùkọ́ tó ń na èèyàn, ọ̀rẹ́ tó kó lọ sí Ìbefun láìdágbére, ehín tó ń mì. Ká máa wo nǹkan kan náà pọ̀, ká má wo ara wa, ìyẹn ló gbà wá.

Mi ò lè sọ pé mo ti di ará ibẹ̀. Mo mọ orúkọ àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀, mo sì ti kí wọn títí wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Síbẹ̀, tí mo bá ń sùn, Òkè-Àjé ni mo máa ń rìn lójú àlá. Mo ti rí ibi tí mo lè máa mì sí díẹ̀ láìfọ́, ìyẹn ni mo lè sọ.

Nígbà tí wọ́n fún mi láyè láti rìnrìn àjò, mo lọ sílé. Ọ̀rọ̀ mímú Fàrídà wá ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba wọn, kò sí ìdáhùn. Kẹ̀kẹ́ já mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Ìyá mi pariwo "Alhamdulilahi!" tí àwọn ará ilé kejì fi jáde. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú híjáàbù ilé kéú, ó ga, orúnkún rẹ̀ jọ ti bàbá rẹ̀. Ó wá síwájú, ó kúnlẹ̀ dáadáa.

"Ẹ káàbọ̀, mà."

"Kí ni ẹ káàbọ̀ mà?" ìyá mi wí. "Mọ́mì ẹ rè é! Lọ dì mọ́ wọn!"

Fàrídà wo ojú mi bí èèyàn ṣe ń wo àlejò tí wọ́n ní kó fi àga fún. Ó wolẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ pé ojú ń tì í ni. Ojú kò tì í. Kò mọ̀ mí ni. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo wọlé, mo jókòó sórí àga gígùn.

Òun ni wọ́n ní kó gbé omi wá fún mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, mo nawọ́ gbà á. Kò jọ̀wọ́ ife náà. Ó ń wo ọwọ́ mi. Ó gbé ife sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ó mú ọwọ́ náà, ó yí i padà, ó fi ìka kan ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò mi.

"Ibí ni òjé ta sí lọ́jọ́ tí ẹ pariwo."

"Ibẹ̀ ni."

"Ó ti jinná."

"Ó ti jinná."

Ó jókòó tì mí lórí àga náà, ó gbé ọwọ́ mi sórí itan rẹ̀. Ó ń ka àwọn ìka náà bí ẹni tó ń wò ó bóyá wọ́n pé. Ìyá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fi gèlè nu ojú.

"Ta ló ń bá wọn ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní báyìí?" Fàrídà bi mí.

"Kò sẹ́nì kan. Wọ́n ń dúró dè mí."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìka náà.

"Kí wọ́n máa dúró náà," ó wí, kò sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀.